Ẹnu ọ̀nà tó wà lókè orí wa

Òkè orí wa yìí, ní gbogbo agbègbè ìlà agbedeméjì ayé, láti Nàìjíríà dé Kẹ́ńyà, dé Indonéṣíà, títí dé Brazil, ni oòrùn ti ń ṣe ósóònù jù lọ láyé, ìyẹn gáàsì òkè tó ń dá ìtànṣán oòrùn tó léwu dúró. Níbẹ̀ náà ló sì fẹ́lẹ́ jù, bí a bá yọ ti Antarctica kúrò ní àsìkò tí ihò máa ń ṣí níbẹ̀. Ká ní a lè kó gbogbo ósóònù tó wà lókè Ìbàdàn sọ̀kalẹ̀ wá sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ ilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní ìwọ̀n òtútù tí omi fi ń di yìnyín, kò ní nípọn ju bíi mìlímítà méjì ààbọ̀ tàbí díẹ̀ lé lọ. Ní àríwá Kánádà tàbí Sàìbéríà nínú oṣù Kẹta, nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà dé ọ̀dọ̀ wọn, ó lè ju mìlímítà mẹ́rin lọ.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé físíìsì, mi ò lè gbé ìwé náà sílẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló kún sí. Ta ló ń gbé e lọ?

Afẹ́fẹ́ ni, àmọ́ kì í ṣe èyí tó ń fẹ́ sí wa lára. Béèyàn bá gbéra nílẹ̀ tó ń gòkè, ṣe ni òtútù á máa pọ̀ sí i. Lókè ọ̀dọ̀ tiwa, títí dé bíi kìlómítà 17 ló ń tutù bẹ́ẹ̀, yóò fi tó nǹkan bí ìwọ̀n 80 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Láti ibẹ̀ lọ, nǹkan yí padà. Bó ṣe ń ga ló ń móoru, nítorí ósóònù ń gba ìtànṣán ultraviolet tó wá láti ara oòrùn, ó sì ń sọ ọ́ di ooru. Ìpele tó ń móoru lọ sókè yìí ni wọ́n ń pè ní stratosphere. Nítorí pé èyí tó móoru ló wà lókè, tí èyí tó tutù wà nísàlẹ̀, wọn kì í dà pọ̀ bọ̀rọ̀. Kò sí òjò níbẹ̀, kò sí ìjì tó ń rú u sókè rú u sálẹ̀. Ohun tó bá dé ibẹ̀ máa ń pẹ́ níbẹ̀ ni, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ ká mọ ẹnu ọ̀nà tí nǹkan ń gbà wọlé síbẹ̀.

Ẹni tó rí ẹnu ọ̀nà náà kò dé ọ̀dọ̀ wa kó tó rí i. Nígbà ogun àgbáyé kejì, wọ́n ní kí Alan Brewer ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwádìí ọ̀rinrin tó wà nínú afẹ́fẹ́ òkè, nítorí ìlà funfun tí ọkọ̀ òfurufú ológun máa ń fà sẹ́yìn lójú ọ̀run, tó ń tú u fó fún ọ̀tá. Nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ wọ inú stratosphere lókè England, ó bá a pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè rò. Kí ọ̀rinrin inú rẹ̀ tó lè di yìnyín, ó gbọ́dọ̀ tutù tó nǹkan bí ìwọ̀n 80 lábẹ́ òdo. Bẹ́ẹ̀, kò sí ibi tí afẹ́fẹ́ tutù tó bẹ́ẹ̀ lókè England lọ́nà tó gbà gòkè. Brewer wá ṣe ìrònú tí mo kà sí ọ̀kan nínú àwọn tó lẹ́wà jù lọ nínú sáyẹ́ǹsì: afẹ́fẹ́ yìí ti gba ibìkan tó tutù tó bẹ́ẹ̀ kọjá rí, ibẹ̀ ló sì ti gbọn omi ara rẹ̀ sílẹ̀. Kò sì sí irú ibẹ̀ àfi òkè ìlà agbedeméjì ayé. Ó tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1949. G. M. B. Dobson ní Oxford, tó ti ń wọn ósóònù láti àwọn ọdún 1920, rí i pé ohun kan náà ló máa jẹ́ kí ósóònù pọ̀ ní ìhà òpin ayé: afẹ́fẹ́ ń gòkè lọ́dọ̀ wa, ó ń rìn lọ sí àríwá àti gúúsù, ó ń rọ̀ wálẹ̀ ní ìhà méjèèjì, ósóònù tí oòrùn wa ṣe sì wà nínú ẹrù rẹ̀. Títí dòní, orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ń pe ìrìn náà.

Ìrìn náà kò yá rárá. Afẹ́fẹ́ tó bá ti kọjá ìlẹ̀kùn náà kì í tó mìlímítà kan tó fi ń gòkè ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kó tó gòkè, kó tó rìn, kó tó rọ̀ sísàlẹ̀ stratosphere ní òpin ayé, ó ń lọ sí ọdún márùn-ún.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ fíríìjì ti wọlé. Bọ̀dá kan wà ní òpópónà wa nígbà tí mo wà ní kékeré tó ń tún fíríìjì ṣe. Kí ó tó fi iná jó páìpù, ó ní láti kọ́kọ́ tú gáàsì tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ dànù. Yóò fi ẹnu sukudiráfà tẹ ẹnu fáàfù, gáàsì á sì máa dún ṣìììì, yìnyín tín-ín-rín á bo ibi tó ti ń jáde, àwa ọmọdé á sáré wá fi ìka kàn án. Bó bá tún un ṣe tán, á fi géèjì mọ́ ọn, á ṣí sílíńdà funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á sì rọ gáàsì tuntun sí i. R-12 ló wà nínú sílíńdà funfun. Orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ni CFC-12, ọ̀kan nínú àwọn gáàsì CFC, àwọn gáàsì àtọwọ́dá tí chlorine wà nínú wọn. Kò ní òórùn, kì í jóná, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi nílẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ ló ń ṣe, bí gbogbo ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe é láti Tokyo dé New York nígbà náà, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ sì pọ̀ jù ú lọ fíìfíì.

Gáàsì tó dára tó bẹ́ẹ̀, ibo ló ń lọ? James Lovelock gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ìhà Antarctica ní 1971 sí 1972, ó sì bá CFC nínú afẹ́fẹ́ níbi gbogbo tó ti wọ̀n ọ́n, títí kan ibi tí kò sí ilé, tí kò sí fíríìjì kankan. Ní 1974, Sherwood Rowland àti Mario Molina, tí wọ́n wà ní Yunifásítì California ní Irvine, dáhùn ìbéèrè náà. Òjò kì í fọ CFC kúrò nínú afẹ́fẹ́, kò sì sí ohun tó ń bá a jà nísàlẹ̀, nítorí náà yóò máa rìn títí tí yóò fi gba ẹnu ọ̀nà ìlà agbedeméjì ayé wọ stratosphere. Níbẹ̀, lókè ibi tí ósóònù pọ̀ sí, ìtànṣán oòrùn á là á sí wẹ́wẹ́, chlorine inú rẹ̀ á sì bọ́ sílẹ̀. Átọ́ọ̀mù chlorine kan á ba ósóònù kan jẹ́, á tún padà sí bó ṣe wà, á sì lọ bá òmíràn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló lè bà jẹ́ kí nǹkan kan tó dì í mú.

Àwọn èèyàn ń bi Rowland pé ṣebí CFC wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, báwo ló ṣe máa gòkè? Ẹni tó bá ti rí bí àwọsánmà òjò wa ṣe ń ga ní oṣù Kẹfà yóò gbà pé àwọn ìjì wọ̀nyẹn kì í wo ohun tó wúwo tàbí ohun tó fúyẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń rú pọ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ni ibi tí ìbàjẹ́ náà ti máa kọ́kọ́ hàn. Láti nǹkan bí 1957 ni àwọn ará Britain ti ń fi ẹ̀rọ Dobson, tó ń wọn ósóònù, wo oòrùn láti Halley, ibùdó kan tó wà lórí yìnyín Antarctica. Iṣẹ́ tí kò ní ariwo ni. Ènìyàn á yí ẹ̀rọ náà kọjú sí oòrùn, á ka nọ́ńbà, á kọ ọ́ sílẹ̀, lọ́dọọdún, yálà ẹnì kan ń béèrè rẹ̀ tàbí kò sí ẹni tó ń béèrè. Joe Farman, Brian Gardiner àti Jonathan Shanklin wá rí i pé nọ́ńbà oṣù Kẹwàá ń wálẹ̀. Èyí tó ti máa ń wà ní bíi 300 lórí òṣùwọ̀n Dobson, ìyẹn mìlímítà mẹ́ta, ti já wálẹ̀ dé nǹkan bí 200 ní 1984. Oṣù Karùn-ún ọdún 1985 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ká ní ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kò sẹ́ni tí ì bá dá wọn lóhùn.

Ìgbà yẹn ni àwọn onímọ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ ló yí ìrìn rẹ̀ padà, pé afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ tí kò ní ósóònù ló ń gòkè lọ gba ipò tòkè ní Antarctica. Àwọn mìíràn ní oòrùn ló fà á, nítorí ọdún tí iṣẹ́ ara rẹ̀ pọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Àwọn ìyókù ní chlorine ni, àmọ́ ìṣirò kẹ́místírì tí gbogbo ayé mọ̀ nígbà náà kò lè ba ósóònù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ níbi tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Susan Solomon àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló mú ìdáhùn wá ní 1986. Ní ìgbà òtútù Antarctica, nígbà tí oòrùn kò yọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ yí ibẹ̀ po máa ń le débi pé ohun tó wà nínú kò lè jáde, ohun tó wà níta kò lè wọlé. Inú rẹ̀ á tutù kọjá ìwọ̀n 78 lábẹ́ òdo, àwọsánmà oníyìnyín á sì hù nínú stratosphere, níbi tí àwọsánmà kì í sábà sí. Chlorine tó ti so mọ́ nǹkan mìíràn, tó ti jókòó jẹ́ẹ́, á bá ara rẹ̀ pàdé lórí hóró yìnyín wọ̀nyẹn, á sì tú sílẹ̀. Ó wá ku oòrùn. Ní oṣù Kẹsàn-án tí oòrùn bá yọ, ìparun bẹ̀rẹ̀.

Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni Solomon nígbà tó ṣáájú àwọn onímọ̀ lọ sí McMurdo ní Antarctica ní ọdún yẹn kan náà, ní àárín òtútù, láti lọ wo ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run, títí kan ìmọ́lẹ̀ òṣùpá, fún àmì chlorine náà. Ó rí i. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, gbé ọkọ̀ òfurufú ER-2 lọ sí Punta Arenas ní Chile. Awakọ̀ kan ṣoṣo ló ń wà á, nínú aṣọ bíi ti àwọn tó ń lọ sí òṣùpá, lórí ẹ́ńjìnnì kan, ní bíi kìlómítà 18 sókè, lórí yìnyín tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà á sílẹ̀ níbẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ tí onímọ̀ James Anderson fi ń wọn chlorine náà wà lára ọkọ̀ náà. Ní oṣù Kẹjọ, bí ọkọ̀ ti wọ inú afẹ́fẹ́ tó ń yí po náà, chlorine tó ti tú sílẹ̀ fò sókè, ṣùgbọ́n ósóònù ṣì wà ní pípé. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù Kẹsàn-án, ibi tí èyí ti gòkè ni tọ̀hún ti já wálẹ̀, àní pẹ̀lú àwọn gégele kéékèèké tó wà lórí ìlà náà. Mo ti wo àwòrán ìlà méjèèjì yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ.

Àmọ́ mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pé àwọn tó ní afẹ́fẹ́ ni kò jìnnà sí òótọ́. Láìsí afẹ́fẹ́ tó ṣé Antarctica mọ́ inú òtútù, chlorine ì bá ti jókòó síbi tó wà. Láìsí afẹ́fẹ́ tó gòkè lọ́dọ̀ wa, chlorine kì bá ti débẹ̀ rárá. Ní oṣù Kẹsàn-án 2002, ìgbì afẹ́fẹ́ tó ti ìsàlẹ̀ wá pín ìyípo afẹ́fẹ́ Antarctica sí méjì, ihò ọdún yẹn sì kéré gan-an. Ó tún fẹ́ ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 2019. Ní àríwá, níbi tí òkè àti ilẹ̀ pọ̀, irú ìgbì bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀, ìdí nìyẹn tí Yúróòpù kò fi ní ihò lọ́dọọdún bíi ti gúúsù. Kẹ́místírì kan náà ni, afẹ́fẹ́ ni kò jọra.

Nínú oṣù Kẹsàn-án 1987 yẹn kan náà, lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Montreal láti dín CFC kù, kí ìròyìn ọkọ̀ ER-2 tó délé. Ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan: gbogbo orílẹ̀-èdè ló padà wọlé sínú rẹ̀, wọ́n sì fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa títí di 2010 láti fi CFC sílẹ̀ pátápátá. Kò sí àdéhùn mìíràn lórí àyíká tó wú mi lórí tó yìí. Síbẹ̀, CFC-12 máa ń lo bí ọgọ́rùn-ún ọdún lójú ọ̀run, èyí tí wọ́n tú sílẹ̀ ní òpópónà wa ṣì ń rìn. Ìṣirò àjọ àgbáyé tó jáde ní 2022 fi sí nǹkan bí ọdún 2066 kí ósóònù Antarctica tó padà sí bó ṣe wà ní 1980.

Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ wa, nítorí ọkàn mi wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkè ìlà agbedeméjì ayé ní ìwà kan tí kò sí níbòmíràn. Nígbà tí òkè ayọnáyèéfín Krakatoa bú ní oṣù Kẹjọ 1883, eérú rẹ̀ gba ìwọ̀-oòrùn lọ, ó sì yí ayé po láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo èèyàn gbà pé ìhà ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń fẹ́ lọ. Ní 1908, Arthur Berson tó wá láti Jámánì ju bàlúùnù sókè nítòsí Adágún Victoria ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, ó sì bá afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lọ sí ìlà-oòrùn. Ó lé ní àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó mọ̀ pé òótọ́ ni ẹ̀rí méjèèjì: afẹ́fẹ́ náà ń yí padà, á fẹ́ lọ sí ìhà kan, á fẹ́ lọ sí ìhà kejì, á sì tún padà sí ti àkọ́kọ́ láàárín bí oṣù 28, ìyípadà náà sì ń ti òkè bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbì tí àwọsánmà ìjì ìhà tiwa ń rú sókè wà lára ohun tó ń tì í. Láti 1953 tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò yẹ̀, àfi ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016 tó já lójijì ní bíi kìlómítà 23, tó sì ya gbogbo onímọ̀ lẹ́nu, àti lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín ìparí 2019 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2020. Ìyípadà yìí ń dé ọ̀dọ̀ ósóònù, ó sì ń kan bí ìgbà òtútù ṣe ń rí ní Yúróòpù. Lókè orí wa ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Ta ló ń wò ó láti ọ̀dọ̀ wa? Ẹ̀rọ Dobson wà ní Èkó, tí wọ́n ti fi ń wọn ósóònù láti àwọn ọdún 1990, inú mi sì dùn sí i. Àmọ́ àpapọ̀ ni Dobson ń sọ, kì í sọ èyí tó wà níbi gíga kọ̀ọ̀kan. Bàlúùnù ló lè ṣe ìyẹn. Ní 2005 àti 2006, nígbà ètò ìwádìí AMMA lórí òjò ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wọ́n ń ju irú bàlúùnù bẹ́ẹ̀ sókè ní Cotonou. Àpótí fóòmù kékeré ló ń gbé: nínú rẹ̀, pọ́ńpù tín-ín-rín ń fa afẹ́fẹ́ gba inú ago tó ní omi potassium iodide, ósóònù á bá omi náà jà, iná mànàmáná kékeré á sì ṣàn gẹ́gẹ́ bí ósóònù ṣe pọ̀ tó. Ó ń fi rédíò sọ ohun tó rí sílẹ̀ títí bàlúùnù fi máa bẹ́ ní nǹkan bí kìlómítà 30. Ní oṣù Kẹjọ 2006, ọkọ̀ òfurufú Geophysica fò láti Ouagadougou, àwọn bàlúùnù mìíràn gòkè láti Niamey, wọ́n sì bá ohun pàtàkì: àwọn ìjì wa tó ga jù lọ máa ń ju yìnyín kọjá ìlẹ̀kùn náà, tí yìnyín náà á sì rọ stratosphere ìsàlẹ̀ lómi. Nígbà tí ètò náà parí, bàlúùnù Cotonou dákẹ́.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Halley fi bí ọgbọ̀n ọdún wo ojú ọ̀run kó tó rí ohun tó gba ayé là, àwa ní ọdún méjì. Nígbà tí CFC-11, ẹlẹ́gbẹ́ CFC-12, kọ̀ tí kò dín kù bó ṣe yẹ lẹ́yìn 2012, ibùdó tó wà ní Gosan ní South Korea àti Hateruma ní Japan ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìlà-oòrùn China ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń jáde; nígbà tí ọ̀rọ̀ náà hàn síta, ìtújáde náà wálẹ̀. Ká ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni, ibùdó wo ni ì bá rí i? Owó bàlúùnù kan lọ́sẹ̀ kò kọjá agbára àwọn yunifásítì wa bí wọ́n bá pawọ́ pọ̀. Ẹni tí yóò máa ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ogún ọdún ló ṣòro rí, mo sì gbà pé ẹni náà wà láàárín wa.

Fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, fáìlì Cotonou ṣì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú àkójọ SHADOZ tí NASA ń tọ́jú. Ìlà nọ́ńbà lásán ni: gíga, ìgbóná, ọ̀rinrin, ósóònù. Mú ọ̀kan nínú ti oṣù Kìíní, nígbà ọyẹ́, kí o mú òmíràn nínú ti oṣù Kẹjọ, kí o wo ìgbóná wọn láàárín kìlómítà 16 sí 18. Ti oṣù Kìíní ló sábà máa ń tutù jù, ìwọ̀n díẹ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì ló sì ń pinnu omi tí yóò ráyè wọ stratosphere gbogbo ayé.